Alágbẹ̀dẹ àti Irin Àlòkù ní Ilẹ̀ Ọ̀tà

Nínú Ìwé Samúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí kẹtàlá, a kà nípa ìgbà kan tí a kò rí alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Àwọn Filístínì ni ó dí ọ̀nà iṣẹ́ náà mọ́ wọn, kí wọ́n má bàa rọ idà tàbí ọ̀kọ̀. Nítorí náà olúkúlùkù ẹni tí ó fẹ́ pọ́n àáké tàbí ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀ ní láti sọ̀kalẹ̀ tọ ọ̀tá rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ka orí yìí ní ilé ìjọsìn láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn irin ní ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí irú rẹ̀ dé bá àwa náà, kì í ṣe nípa àṣẹ ọba kan, bí kò ṣe nípa ọjà pọ́ọ́kú. Àgbẹ̀dẹ ni ó gbà wá. Irin àlòkù ni ó sì gba àgbẹ̀dẹ. Èyí ni a fẹ́ rò nínú ìwé yìí, pàápàá jùlọ bí ó ti kan ilẹ̀ Ọ̀tà àti Sàngó Ọ̀tà, níbi tí ẹ̀fúùfù ilé iṣẹ́ ńlá ti ń fẹ́ sórí àgbẹ̀dẹ kékeré lónìí.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ni, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀, èyí tí àwọn ènìyàn a máa dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Iṣẹ́ kìn-ín-ní ni ti ìléru. Àwọn tí ń ṣe é a máa wa òkúta irin nínú ilẹ̀, wọn a fọ́ ọ túútúú, wọn a sì fi èédú yọ́ ọ nínú ìléru amọ̀ títí irin yóò fi ya ara rẹ̀ kúrò lára ìdàrọ́. Iṣẹ́ kejì ni ti àgbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ kì í wa ilẹ̀. Irin tí ó ti di irin ni ó ń gbà, òun ni ó sì ń fi iná àti ọmọ owú sọ di ọkọ́, àdá, àáké àti ọ̀bẹ. Ìlú tí ó ní ìléru kò pọ̀, nítorí kì í ṣe ibi gbogbo ni òkúta irin gbé wà. Ṣùgbọ́n ìlú tí kò ní àgbẹ̀dẹ, báwo ni yóò ti ṣe ro oko?

Iṣẹ́ ìléru ti pẹ́ gidigidi ní ilẹ̀ yìí. Ní Taruga, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àwọn ìléru tí a ti lò ní ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn, èyí tí ó fi hàn pé ṣáájú ìgbà tí a bí Olúwa wa ni àwọn ènìyàn ti ń yọ́ irin ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà nísinsìnyí. Ní ti àwa Yorùbá, Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, sọ fún wa pé ẹta ni a ń pe òkúta irin, àti pé láti inú ọ̀rọ̀ náà ni Ẹlẹ́ta ní Ìbàdàn ti gba orúkọ rẹ̀. Ó so orúkọ Ìlọrin pọ̀ mọ́ irin lílọ. Ó sọ pẹ̀lú pé èédú igi líle àti èèpo èkùrọ́ ni wọ́n fi ń dá iná ìléru, àti pé kí àwọn baba wa tó máa bá òyìnbó ṣòwò, láti orí ohun ìjà títí dé orí abẹ́rẹ́, kò sí ohun irin kan tí kì í ti ọwọ́ ará ilé jáde.

Lẹ́yìn Johnson, òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ C. V. Bellamy, ẹni tí ó jẹ́ olórí iṣẹ́ òde fún ìjọba Èkó, lọ sí abúlé kan tí ń jẹ́ Ola-Igbi lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ó rí ìléru níbi tí ó gbé ń jó, ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ irin ní Ìlú Ọba ní 1904. Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún yìí sọ́kàn. Láti 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń sáré láti Èkó dé Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí irin òkèèrè ti nà gbalaja láti etí ọ̀sà wọ inú ilẹ̀ wa, ìléru àwọn baba wa ń jó síbẹ̀ ní ìhà Ọ̀yọ́. Irin méjèèjì wà láyé pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀kan kú.

Kì í ṣe ìbọn ni ó pa ìléru, owó ni. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì a máa ra irin ọ̀pá lọ́wọ́ àwọn ará Sweden, irin tí a dìídì rọ ní ìwọ̀n tí ọjà etí òkun Áfíríkà ń fẹ́. Irin ìrìn-àjò ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń kó o wá, wọ́n sì ń fi í gba ènìyàn lọ. A kò lè kọ ìtàn ọkọ́ àti àdá ní etí òkun yìí kí a má rántí pé ọ̀pọ̀ nínú irin tí a fi rọ wọ́n ni a ti fi ẹ̀jẹ̀ san owó rẹ̀. Nígbà tí òwò ẹrú dópin, irin kò dẹ́kun àti máa wá. Ó tún pọ̀ sí i, ó sì tún rọjú sí i, nítorí pé ìléru òkè òkun ti di ńlá. Ìléru amọ̀ a máa jẹ òkìtì èédú kí ó tó mú ìwọ̀n irin díẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó sì ní láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Ta ni yóò ra èyí, nígbà tí irin òyìnbó wà lọ́jà ní owó kékeré? Kò pẹ́ kò jìnnà, ohun tí a ti rọ parí pàápàá ń wá: àdá Martindale láti Birmingham, èyí tí a ya ọ̀nì sí lára, di ohun tí àgbẹ̀ gbogbo mọ̀. Johnson ti ṣe àkíyèsí nígbà ayé rẹ̀ pé ohun èlò òyìnbó a máa dán, a máa rọjú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bí ti ilé. Síbẹ̀ òun ni ó ń lé ti ilé kúrò lọ́jà.

Báyìí ni ìléru kú, ọgbọ́n rẹ̀ sì bá a wọ ilẹ̀. Ìdàrọ́ nìkan ni ó kù, tí àwọn ọmọ ń ta ẹsẹ̀ lù nínú igbó láìmọ ohun tí ó jẹ́.

Kí ni ṣe tí àgbẹ̀dẹ kò bá a kú? Ìdáhùn wa ni pé ẹni tí kì í wa irin kò lè ṣòfò nítorí pé ibi tí irin ti ń wá yí padà. Ilẹ̀ Ọ̀tà ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀tà jẹ́ ìlú àwọn Àwórì. Ìtàn wọn wí pé Olọ́fin, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ògúnfúnminírè, ni ó ṣáájú wọn láti Ifẹ̀ wá, tí ó ń tọ àwo kan lẹ́yìn lójú omi títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Láti inú èyí ni orúkọ Àwórì ti wá. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí orúkọ baba ńlá náà yóò gbọ́ pé irin wà nínú rẹ̀: Ògún ni ó fún un ní ire. Síbẹ̀ ilẹ̀ tí ó mú wọn dé kì í ṣe ilẹ̀ ìléru. Ilẹ̀ iyanrìn àti amọ̀ ni, tí ó rọra ń ṣe gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sí ìhà ọ̀sà; ìhà òkè, ní ilẹ̀ olókùúta, ni ìléru gbé wà. Nítorí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ Ọ̀tà ti jẹ́ ẹni tí irin ń bá nílé. Nígbà mìíràn ó ti òkè wá lórí àwọn tí ń ru ẹrù, nígbà mìíràn ó ti ìsàlẹ̀ wá, láti Èkó àti Àgbádárìgì, nítorí Ọ̀tà wà lójú ọ̀nà àwọn tí ń ti etí ọ̀sà lọ sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ipò yìí kò fi ìgbà gbogbo jẹ́ ìbùkún. Nítorí ọ̀nà náà ni àwọn Ẹ̀gbá fi gbógun ti Ọ̀tà, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1842.

Láàárín àwọn ọdún 1850 sí 1860 ni James White, ọmọ Saró tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìn rere ní Ọ̀tà. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wà nínú ìjọ wa, èyí tí a kò gbọdọ̀ fò dá nínú irú ìwé yìí: ǹjẹ́ onígbàgbọ́ lè jẹ́ alágbẹ̀dẹ? Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àgbẹ̀dẹ ni ojúbọ Ògún, pé ajá ni a ń pa fún un, pé lójú owú ni a ti ń búra, àti pé ní kóòtù pàápàá, ẹni tí kò bá fi Bíbélì tàbí Kùránì búra a máa fi ẹnu kan irin. Nítorí èyí ni àwọn kan fi fi ọwọ́ rọ́ iṣẹ́ náà sẹ́yìn bí iṣẹ́ abọ̀rìṣà, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì yọ Ògún kúrò nínú orúkọ wọn, tí wọ́n fi Olú dípò rẹ̀. Ní tiwa, a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọmọ owú. Orí kẹrin Ìwé Jẹ́nẹ́sísì ti dárúkọ Tubali-Káínì, ẹni tí ń rọ idẹ àti irin, kí a tó dárúkọ Ábúráhámù rárá. Bí wòlíì Aísáyà sì ti ń retí ọjọ́ tí a ó fi idà rọ ohun ìtúlẹ̀, kò sọ ẹni tí yóò rọ ọ́ bí kò bá sí alágbẹ̀dẹ. Ohun tí àwọn wòlíì ń sọ níbẹ̀ gan-an, irin àlòkù ni.

Kí a tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ jẹ́ kí a tún àṣìṣe kan ṣe, èyí tí a ti gbọ́ láti ẹnu àwọn olùkọ́ pàápàá. Kì í ṣe Ògún onírin ni a fi sọ orúkọ Ìpínlẹ̀ Ògùn tí a dá sílẹ̀ ní 1976. Odò Ògùn ni. Ohùn ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀.

Ó tó àkókò wàyí láti sọ bí àlòkù ti di òkúta irin tuntun fún àgbẹ̀dẹ. Ojú irin ni ó kọ́kọ́ mú un wá. Láti 1896 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà náà láti Èkó, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Ọ̀tà kọjá, láti Agége sí Agbádò sí Ifọ̀, kí ó tó dé Abẹ́òkúta. Níbi tí ọkọ̀ ojú irin bá gbé wà, ìṣó ńlá, bóòtù, àti ègé irin tí ó ti ṣẹ́ kò lè ṣàìwà. Ègé ojú irin kan, tí ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, di owú fún ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó sì sàn ju òkúta tí àwọn baba wọn ń lò lọ. Lẹ́yìn èyí ni mọ́tò dé. Mọ́tò akẹ́rù, pàápàá àwọn Bedford tí a kan pákó sí lẹ́yìn tí a ń pè ní bọ́lẹ̀kájà, a máa ru ju agbára wọn lọ lórí ọ̀nà tí kò dára. Irin sípíríǹgì pẹlẹbẹ abẹ́ wọn a sì máa ṣẹ́. Ohun tí ó jẹ́ àdánù fún awakọ̀ di èrè fún àgbẹ̀. Láti inú sípíríǹgì yìí ni àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa ti rọ àdá tí kò kéré sí ti Birmingham.

Nígbà ogun ńlá 1939 sí 1945, tí ọkọ̀ òkun kò rí àyè kó ọjà wá bí ti àtẹ̀yìnwá, ìmọ̀ yìí di ohun tí a kò lè ṣe aláìní. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìṣẹ́ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni kíkó irin àlòkù jọ. Ní ìgbà kan náà, ní 1940 àti 1941, ìjọba Ìlú Ọba ń gba ìkòkò àlùmíníọ̀mù lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé, wọ́n sì ń gé ọgbà irin iwájú ilé àwọn ọlọ́rọ̀ láti fi wọ́n ṣe ohun ogun.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí a máa rò pé irin ni irin ń jẹ́, àti pé èyí tí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ni alágbẹ̀dẹ ń gbé jù sínú iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n àgbẹ̀dẹ kan wà nínú ọwọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù wà nínú ojú àti etí, nítorí pé alágbẹ̀dẹ ní láti mọ ohun tí irin náà ti jẹ́ rí kí ó tó mọ ohun tí yóò lè jẹ́. Àwọn onímọ̀ ti fi yé wa pé èédú díẹ̀ tí ó wà nínú irin ni ó ń mú un le. Nínú 1,000 ìwọ̀n irin sípíríǹgì mọ́tò, nǹkan bí 6 jẹ́ èédú. Nínú ọ̀pá irin ìkọ́lé lásán kì í ju 2 tàbí 3 lọ. Nínú fáìlì tí a fi ń họ irin ó lè ju 10 lọ. Ẹni tí ó bá fi ọ̀pá ìkọ́lé rọ àdá yóò rí i pé ó gba ojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní í mú ju àárọ̀ ọjọ́ kan lọ. Ẹni tí ó bá sì fi fáìlì rọ àdá yóò rí i pé ó mú bí abẹ, títí yóò fi kan òkúta, tí yóò sì ṣẹ́ bí àwo.

Kò sí alágbẹ̀dẹ tí ń ka ìwọ̀n wọ̀nyí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Ó lè ta irin lu owú kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀: èyí tí ó le a máa dún gooro, èyí tí ó rọ̀ a máa dún kọ́tọ́. Bí òkúta ìlọ̀ tí iná mọ̀nàmọ́ná ń yí bá wà, yóò fi irin kàn án kí ó wo bí iná ti ń ta jáde. Ti irin rírọ̀ a máa gùn, a sì máa tààrà bí ìyẹ́. Ti irin líle a máa bú gbàmù ní orí rẹ̀ bí ìràwọ̀ kéékèèké. Bí kò bá sí òkúta ìlọ̀, yóò gé ègé kékeré kan, yóò mú un gbóná títí yóò fi pupa, yóò rì í bọ omi, yóò sì fi ọmọ owú lù ú. Bí ó bá ṣẹ́, irin àdá ni. Bí ó bá tẹ̀, kí ó fi rọ ìkọ́ tàbí ìdè ilẹ̀kùn.

Àgbẹ̀dẹ ilé kan kò gba ohun púpọ̀. Àwo bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi amọ̀ rẹ́ nínú tó láti fi ṣe ojú iná. Ẹwìrì awọ ni àwọn baba wa ń fẹ́. Lóde òní rọ́ọ̀mù kẹ̀kẹ́ tí a fi ọwọ́ yí, tí okùn rẹ̀ ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré, ni ó gba ipò rẹ̀ ní ibi púpọ̀. Owú ni ègé ojú irin. Ọmọ owú ni a lè fi ṣáàfù ọkọ̀ rọ. Ẹ̀mú ni ohun èlò tí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ ń rọ fún ara rẹ̀, irin rírọ̀ méjì tí a fi ìṣó kàn pọ̀ láàárín. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀mú tí kò di irin mú dáadáa yóò fi iná kọ́ ẹni tí ó rọ ọ́ lọ́gbọ́n.

Nígbà tí a bá fẹ́ fi sípíríǹgì rọ àdá, a kọ́kọ́ mú un gbóná títí yóò fi ní àwọ̀ osùn, a sì lù ú tọ́, nítorí ó ti tẹ̀ bí ọrun. A gé e ní ìwọ̀n, a fà á gùn, a fẹ ojú rẹ̀, a sì fi ìdí rẹ̀ tín-ín-rín sílẹ̀ fún èèkù. Irin tí ó ti tutù kọjá àwọ̀ pupa, kí a má lù ú mọ́. Ibẹ̀ ni ó ti ń sán láìjẹ́ kí a mọ̀. Irin tí ó funfun tí ó sì ń tú iná jáde ti jóná, kò sí oògùn rẹ̀. Nígbà tí ó bá ti ní àwòrán àdá, a ó tún mú ojú rẹ̀ gbóná dọ́gbadọ́gba, títí dé ibi tí òòfà kò ní í fà á mọ́, nǹkan bí 770 lórí òṣùwọ̀n ìgbóná Celsius, a ó sì fi ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìgbà náà ni a ó rì í bọ epo. Bí a bá rì irú irin yìí bọ omi tútù, ó lè là. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ a máa ṣe àṣeyọrí dé ibí yìí, wọn a sì yọ̀, láìmọ̀ pé àdá tí wọ́n mú lọ́wọ́ ti le jù. A gbọ́dọ̀ dá a padà sẹ́bàá iná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a máa wo ara rẹ̀ tí a ti họ dán. Àwọ̀ pòpòrò gbígbẹ ni yóò kọ́kọ́ hàn. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí irin ìgbẹ́nà àti ọ̀bẹ dúró. Lẹ́yìn náà àwọ̀ àlùkò, lẹ́yìn náà àwọ̀ aró. Àdá tí yóò bá gbòǹgbò àti òkúta jà ní láti sún mọ́ aró. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láàárín àwọ̀ kan àti èkejì. Ẹni tí ó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní àkókò náà yóò tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ti ọkọ́ yàtọ̀, nítorí ojú rẹ̀ ni ó ṣòro. Ìdí abẹ ọkọ́ ni a ń fẹ̀ tí a sì ń ká mọ́ra títí yóò fi di ihò tí ẹ̀rúkọ́ yóò wọ̀, kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo tí yóò jẹ́ kí ó máa yọ. Bí ó bá tẹ̀ jù, àgbẹ̀ yóò máa fi ẹ̀yìn san gbèsè alágbẹ̀dẹ. Bí ó bá nà jù, kò ní í wọlẹ̀. Àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó mọ bí òun ti ń fẹ́ ẹ, ìdí sì nìyí tí ọkọ́ àgbẹ̀dẹ fi wà lọ́jà títí di òní nígbà tí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ti ń ti òkèèrè wá. Ilé iṣẹ́ Birmingham kò mọ gíga ẹni tí yóò lo ọkọ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kò ní í pọ̀ jù fún àwọn olùkọ́ tí ó lè fẹ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò. Irin tí a fi síǹkì bò, bí páànù òrùlé àti páìpù omi, kò gbọdọ̀ wọ iná. Èéfín rẹ̀ a máa dá ibà sí ènìyàn lára ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohunkóhun tí a dí lẹ́nu, ìbáà ṣe sílíńdà tàbí páìpù, lè bú pa ènìyàn.

Wàyí o, Sàngó Ọ̀tà. Láti àwọn ọdún 1970 sí iwájú, nígbà tí Èkó kò gba ilé iṣẹ́ mọ́ tán, tí a sì la ọ̀nà ńlá láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, àwọn ilé iṣẹ́ ń rọ́ wá sí ilẹ̀ Ọ̀tà, lójú ọ̀nà Ìdíìrókò títí dé Àgbàrá. Oko tí alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́ fún di ilé. Èyí nìkan ìbá tó láti pa àgbẹ̀dẹ kan. Ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti mẹkáníìkì tí wọ́n rọ́ wá pẹ̀lú ilé iṣẹ́ nílò irin ìgbẹ́lẹ̀, irin ìlugi, òòlù àti ohun ìtúbóòtù tí a ṣe sí ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, nítorí náà iṣẹ́ kò tán. Àwọn mìíràn fi ọmọ owú sílẹ̀ wọ inú iṣẹ́ wẹ́dà. Àwọn mìíràn ń yọ́ àlùmíníọ̀mù àlòkù sínú iyanrìn láti fi ṣe ìkòkò ọbẹ̀. A kò lè dá wọn lẹ́bi.

Ohun tí ó jẹ wá lógún jù ni ibi tí irin gbé ń lọ. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ Ajaokuta sílẹ̀ ní 1979 kí Nàìjíríà lè máa yọ irin láti inú òkúta tirẹ̀, kí ìléru tí ó kú lè jí dìde ní ìwọ̀n ńlá. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, ìléru ńlá Ajaokuta kò tíì yọ irin kankan. Nítorí náà àlòkù ni àwọn ilé iṣẹ́ irin ilẹ̀ wa, títí kan àwọn tí ó wà ní Ọ̀tà, ń yọ́ láti fi ṣe ọ̀pá ìkọ́lé. Àwọn tí ń kó àlòkù kiri pẹ̀lú ọmọlanke, tí gbogbo ayé ń pè ní baban bola, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń tà á. Lójú òṣùwọ̀n, sípíríǹgì Bedford àti ìdérí ìkòkò jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n jọ ń wọ iná, wọ́n jọ ń di ọ̀pá, èédú tí ó wà nínú sípíríǹgì náà sì ń pòórá sínú ọ̀pọ̀ irin rírọ̀ bí iyọ̀ nínú odò. Àwọn Filístínì kò dí ọ̀nà mọ́ alágbẹ̀dẹ. Wọ́n kàn ń ra irin ju bí ó ti lè rà á lọ ni.

Owó náà ti bí ìwà búburú pẹ̀lú. Ìdérí kòtò ojú ọ̀nà, irin ẹ̀gbẹ́ afárá, àti ojú irin fúnra rẹ̀ ni àwọn olè ń tú lọ tà. Ẹni tí ó bá sì rí ègé ojú irin nínú àgbẹ̀dẹ lónìí lè pe alágbẹ̀dẹ ní olè, nígbà tí ó jẹ́ pé baba rẹ̀ ni ó ti ń lò ó bọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ kò ní í gbàgbé pé nígbà tí ìlànà 6-3-3-4 wọlé ní 1982, a kó ẹ̀rọ láti òkèèrè wá sí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kí àwọn ọmọ lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jáde nínú àpótí títí wọ́n fi dípẹtà, níbi tí iná kò sí tàbí níbi tí olùkọ́ kò sí. Ṣáájú wọn, ní 1922, ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes tí ó rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti sọ nínú ìròyìn rẹ̀ pé kí ilé ẹ̀kọ́ máa fi iṣẹ́ àti ohun tí ó wà ní ìlú kọ́ ọmọ. Àwọn baba wa kan kò fẹ́ràn ìmọ̀ràn náà, wọ́n ní ìwé ni òyìnbó ń fi pa mọ́ fún àwọn, wọn kò sì jẹ̀bi pátápátá. Síbẹ̀ ọmọ tí ó bá fi sípíríǹgì rọ ọ̀bẹ kan lójú ara rẹ̀ ti kọ́ nípa ìgbóná, nípa èédú àti nípa irin, ohun tí olùkọ́ kò lè fi ẹnu kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àgbẹ̀dẹ sì wà tí a lè mú wọn lọ, bí a bá tètè lọ.

Alágbẹ̀dẹ tí ó gbọ́n ti wá ọ̀nà tirẹ̀. Kì í dúró de baban bola mọ́. Ó ti bá àwọn mẹkáníìkì àdúgbò rẹ̀ ṣe àdéhùn, pé bí sípíríǹgì bá ṣẹ́, kí wọ́n fi pamọ́ dè é. Òun náà yóò máa rọ ohun ìtúbóòtù àti irin ìlugi fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sì jẹ́ kí ọkọ́ tí ó ti jẹ lọ sọnù. Àgbẹ̀ tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ yóò gbé e padà wá, yóò fi kún owó, yóò gba tuntun. Alágbẹ̀dẹ yóò sì fi èyí tí ó ti jẹ rọ ọ̀bẹ ìgékòkó. Nígbà tí ọ̀bẹ náà bá tún jẹ, yóò di abẹ tí a fi ń họ igi ẹ̀rúkọ́ ní ẹ̀yìn àgbẹ̀dẹ, kò sì sí lójú òṣùwọ̀n ẹnikẹ́ni.